Làálì Ìyá Àgbà àti Ọwọ́ Mi Méjèèjì

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀ o, àwọn àna mi ni kò jẹ́ kó kúrò lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá ti ń gbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́, tí èmi náà sì wọ aṣọ ńlá lọ síbẹ̀, kí n tó rí ibi jókòó sí, ẹnì kan á ti wo ọwọ́ mi, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kúkú fẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí àwọn ṣe ń sọ ọ́ kiri, iyọ̀ ti ń pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ìkòròdú ni mo ń gbé, mo háyà yàrá kan àti pálọ̀ nítòsí Ìpakodò, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike. Iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sínú ọyẹ́ ẹ̀rọ, kí n máa buwọ́ lu ìwé tí ẹlòmíràn ti kà. Ní fásitì, jọ́gíráfì ni mo kà. Mo ń sọ èyí torí pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí Múlíkátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, bàbá rẹ̀ bi mí pé kí ni mo kà níwèé. Alhájì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja lórí ọ̀sà, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń gbé e lọ sí ìlú.

"Jọ́gíráfì ni, sà."

"Ìyẹn ni ti ilẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ilẹ̀, òkè, odò, àti gbogbo ohun tó ń hù lórí ilẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ní kí n fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kún un. Odò tí mo mọ̀ dáadáa ni èyí tó wà nínú máàpù. Ohun tó ń hù lórí ilẹ̀, mi ò dá a mọ̀ àyàfi tó bá ti dénú àwo. Ṣùgbọ́n Alhájì mi orí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ni mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú àgbàlá ilé wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, igi làálì kan wà tí ìyá Alhájì gbìn nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe ìyá náà. Igi yìí kò ga púpọ̀, ó dúró bí igbó kékeré, ewé rẹ̀ kéékèèké, ó sì ṣù. Ewé yìí ni wọ́n máa ń já, tí wọ́n á lọ̀ kúnná, tí wọ́n á fi omi òroǹbó wẹ́wẹ́ pò, tí wọ́n á fi kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọbìnrin ilé náà tí wọ́n bá fẹ́ so yìgì fún, títí á fi pupa fòò. Gbogbo ẹ̀gbọ́n Múlíkátù ló ti kùn ún. Làálì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọn kì í jẹ́ kó kan ọmọ wọn lára. Alhájì sọ fún mi pé ọmọ tí kò bá kun làálì Ìyá Àgbà, bí ẹni tó kàn kó ẹrù lọ bá ọkùnrin ni. Múlíkátù náà sọ tirẹ̀ fún mi láìfi ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀lẹ̀: "Aṣọ, oúnjẹ, ìjókòó, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Ọwọ́ mi ṣáà gbọ́dọ̀ pupa."

Yìgì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí mo wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkín lọ kí wọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo bá gbogbo ilé tí wọ́n dúró yí igi làálì ká bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ewé rẹ̀ ti funfun. Ẹ ó rò pé ẹnì kan gbọn agolo pàúdà sí i lórí ni. Àwọn ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́nu ẹ̀ka ti ká kò, wọn ò lè là. Obìnrin kan tó ń kọjá lójú ọ̀nà yọ orí lókè fẹ́ǹsì.

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Làálì yín ti bímọ, ó ti kun pàúdà sọ́rùn."

Alhájì ní ekuru títì ni. Alhája, ìyá Múlíkátù, ní ekuru kọ́, èérú ni, pé obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́yìn fẹ́ǹsì ló mọ̀ọ́mọ̀ ń kù ú sí àwọn, torí pé ọmọ tirẹ̀ kò tíì rí ọkọ. Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, já ewé kan, ó fi ìka rà á, ó sì gbé e sí imú.

"Ọkọ Múlíkátù," ni Alhájì wí, "ìwọ tó o kàwé ilẹ̀, kí lèyí?"

Gbogbo ojú kọ sí mi. Mo yọ fóònù mi jáde, mo ya ewé náà ní fọ́tò, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi dókítà tó fẹ́ wo èsì àyẹ̀wò. Fóònù pè é ní orúkọ kan tó gùn tí mi ò lè pè. Ó ní ẹbí ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu ni, pé kí n fi ìka nù ún wò. Mo nù ún, funfun náà bá ìka mi lọ, àmì rẹ̀ sì kù lára ewé. Mo wo igi ìbẹ́pẹ tó wà nítòsí rẹ̀; ewé tirẹ̀ mọ́ rekete. Ekuru tàbí èérú kò sì ní yan igi kan kó fi èkejì sílẹ̀.

"Àrùn ni, sà," ni mo wí. "Àrùn pàúdà."

Orúkọ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ibí yìí ni mo ti gba máàkì, torí àrùn ni lóòótọ́. Bí mo ṣe pàdánù máàkì náà ló kù tí mo fẹ́ sọ.

Fóònù yẹn sọ ohun mìíràn. Ó ní àrùn yìí fẹ́ràn ibòji, ó fẹ́ràn ibi tí ewé bá ti ṣù mọ́ra, tí atẹ́gùn kò ráyè wọlé. Mo gbójú sókè. Àwọ̀n ẹja ni Alhájì ta sórí fẹ́ǹsì, láti apá ọ̀tún igi náà títí dé apá òsì, ó ṣẹ́ wọn lé ara wọn títí oòrùn ò fi rí ọ̀nà gbà. Mo wo àwọ̀n. Mo wo Alhájì. Èèyàn tó fẹ́ fún mi lọ́mọ, ṣé kí n wá máa sọ fún un níbi tó yẹ kó sá àwọ̀n rẹ̀ sí? Mo fi ìka ti ojú ìwé náà sókè, mo bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni imí ọjọ́. Mo mọ imí ọjọ́ dáadáa, òun ni ìyá mi fi pa làpálàpá orí mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n fi tọ́jú orí mi kò lè yẹ igi irú àwọn èèyàn báyìí. Èkejì ni mílíìkì. Mílíìkì dùn ún gbọ́ létí. Mílíìkì jọ ohun tí ọ̀mọ̀wé máa ń lò.

"Ṣé ẹ ti tọ́jú irú ẹ̀ rí?" Múlíkátù bi mí nígbà tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

"Ohun tá a kà ni."

"Ìyẹn ni pé ẹ ò ṣe é rí."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kó mílíìkì alágolo dé. Wọ́n ní kí n bu díẹ̀ sínú omi púpọ̀. Mo ronú pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni mo bá bu omi díẹ̀ sínú mílíìkì púpọ̀. Mo rọ ọ́ sínú ike tí Múlíkátù fi ń fọ́n omi sórí tó bá fẹ́ dirun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn. Alhája jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Mílíìkì tá a fi ń mu tíì nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Igi lò ń fún?"

"Ó ní ohun kan nínú ẹ̀ tó ń pa àrùn, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Alhája wí. "Tíì lásán ni bàbá ẹ mu láàárọ̀ yìí."

Ohun tí fóònù kò mọ̀ ni pé ilé ẹlẹ́ja ni mo wà. Ológbò ibẹ̀, Alhájì fúnra rẹ̀ kò mọ iye wọn. Èyí tó kọ́kọ́ dé jẹ́ dúdú, ó lá ewé kan, ó dúró, ó ronú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí wọn tí wọ́n ń jáde láti abẹ́ ọkọ̀, láti orí òrùlé, láti inú agbọ̀n ẹja. Wọ́n gun igi náà. Wọ́n ń já lórí ẹ̀ka, wọ́n ń bára wọn jà nínú làálì tí wọ́n ń tọ́jú fún ìyàwó mi. Mo ké, mo ju bàtà lù wọ́n, bàtà náà há sórí igi. Alhájì jáde, ó wo agbọ̀n ẹja tí ológbò kankan kò fọwọ́ kàn, ó ní, "Ó kéré tán, ẹja sinmi lónìí."

Nígbà tí mo tún padà lọ, mílíìkì náà ti kan. Òórùn rẹ̀ pàdé mi níta gbangba. Eṣinṣin bo igi náà, ewé tí kò funfun tẹ́lẹ̀ ti dà bí ẹni tí wọ́n da ògì lé lórí, irun ológbò sì lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Alhája kàn gbé àpótí rẹ̀ lọ sí apá kejì àgbàlá.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e, kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Inú orí tèmi ni mo ti rí i. Mo ti kíyè sí i pé bí àwọn ará ilé náà bá tún ẹja ṣe tán, ọṣẹ àti òroǹbó wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ òórùn kúrò lọ́wọ́. Mo ní bó bá lè mú òórùn ẹja kúrò lára èèyàn, ó yẹ kó lè mú òórùn mílíìkì kúrò lára igi. Mo fún òroǹbó títí ọwọ́ fi ń ta mí, mo po ọṣẹ mọ́ ọn, mo sì fọ igi náà láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń fọ orí oníbàárà. Ó hó. Ó funfun ju ti àrùn lọ. Obìnrin ọjọ́sí tún ń kọjá.

"Ṣé ìkómọ ti dé ni?"

Òórùn náà lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n létí ewé, mo rí i pé ó ti ń jó, ó ń dúdú, àrùn pàúdà sì jókòó sáàárín rẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ó wá ku Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú yìgì. Sátidé ni yìgì. Àṣálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ já ewé. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo ti dé Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, èrò mi ni pé kí n tún un ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Alhájì ti lọ sétí ọ̀sà, Múlíkátù àti ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, Ìyá Àgbà ń sùn nínú yàrá. Mo tún fi òroǹbó àti ọṣẹ fọ igi náà. Lẹ́yìn náà, mo mú àlùmọ́gàjí ńlá tí Alhájì fi ń gé àwọ̀n, torí fóònù ní kí á gé ibi tí àrùn bá ti mú kúrò.

Mo gé ẹ̀ka kan ní apá ọ̀tún. Ó wá dà bíi pé apá òsì ga jù. Mo gé apá òsì. Òsì wá kéré ju ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó síwájú agẹrun tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mò ń tún un ṣe, mò ń sún mọ́ ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka tí mo bá yẹ̀ wò ló ní funfun díẹ̀ lára, mi ò sì fẹ́ ṣe ojúsàájú. Nígbà tí mo nà ró, tí mo sún sẹ́yìn kí n lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, kùkùté ló kù, ó ga tó orúnkún mi, bàtà mi ọjọ́sí sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ewé tó bá ní àrùn kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀, kí á dì í, kí á gbé e jìnnà. Kí n má purọ́ fún yín, mo ní ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ dì í kíákíá. Mo wá àpò ìrẹsì kan, mo ń rọ́ ewé sínú rẹ̀. Kò gbà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, mo ń rún un mọ́lẹ̀. Kò tún gbà. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú àpò náà, mo ń fi ẹsẹ̀ gún un bí ẹni tó ń po ẹrẹ̀. Ewé náà tutù fún òroǹbó, ó ń ṣomi, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Oòrùn ń pa mí, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Nígbà tí mo di àpò náà tán, mo jókòó sábẹ́ ibòji àwọ̀n Alhájì pé kí n sinmi díẹ̀, kí n ronú ohun tí màá sọ. Oorun gbé mi lọ, ẹrẹ̀ ewé náà ṣì wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ mi.

Ohùn Múlíkátù ló jí mi.

"Làálì dà?"

"Mo ti gé ibi tó ń ṣàìsàn kúrò."

"Ìyókù dà?"

"Òun náà ń ṣàìsàn."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ń wo ọwọ́ mi. "Gbé ọwọ́ ẹ kí n rí i," ni ó wí, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí Múlíkátù kì í pè mí ní ìwọ níwájú ìyá rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ewé gbígbẹ já bọ́ lára rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti pọ́n bí epo, ìka mi pọ́n títí dé èékánná. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Òun náà pọ́n títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó lọ yípo geerege, ó dára ju ti ìyàwó mìíràn lọ. Alhája fi ìka kan iwájú orí mi, ó ní, "Ó débí náà."

Mo lọ sí ìdí kànga. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iyanrìn họ ọ́, mo fi kẹrosíìnì pa á. Kẹrosíìnì fi òórùn tirẹ̀ sílẹ̀, làálì kò kúrò níbì kankan. Ní ọjọ́ kejì ó tún pọ́n sí i.

Nígbà tí Alhájì dé ní àṣálẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, ó wo kùkùté, ó wo èmi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Múlíkátù wà nínú yàrá, ó ní òun ò jáde lọ síbi yìgì kankan pẹ̀lú ọwọ́ funfun, kí wọ́n sún un síwájú títí igi á fi hù. Ẹnì kan ní kí wọ́n ra ti inú ọ̀rá. Alhájì yí ojú sí ẹni náà, ẹni náà sì rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíràn. Wọ́n yẹ ewé inú àpò wò, bóyá ó ṣì ṣeé lò. Wọ́n tú u, òórùn mílíìkì jáde, ológbò mẹ́ta kan dé, wọ́n tún un dì. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi bí mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn ará Ìsẹ́yìn tó ti wọ mọ́tò pé kí wọ́n padà.

Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n mú mi wá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó mú dáadáa," ni ó wí. "Òroǹbó lo fi pò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò mọ̀ pé mò ń pò ó ni, mà."

"O fi sílẹ̀ kó gbẹ?"

"Mo sùn lọ ni, mà."

"Bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn." Ó yíjú sí Alhájì. "Nígbà tí mo gbin igi yìí, mo ní wọn ò ní so yìgì nínú ilé yìí kí làálì mi má bá wọn débẹ̀. Mi ò sọ pé ọwọ́ ta ni kó wà. Ó ti wà lọ́wọ́ èyí. Ẹ lọ so yìgì yín."

"Ṣé kí á wá ìbọ̀wọ́ fún un?" Alhájì bèèrè.

"Ta ló ń kun làálì tó ń bò ó mọ́lẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó níwájú gbogbo ènìyàn ní Sátidé, ọwọ́ mi lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ sókè, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ṣe pa á láṣẹ. Àfáà gbé gíláàsì wọ̀, ó bèèrè pé ta ni ọkọ. Mo nawọ́ sókè. Ó wo ọwọ́ náà.

"Mo ní ọkọ," ni ó wí.

Àwọn ará Ìsẹ́yìn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ gbé sàdáákì lé Múlíkátù lọ́wọ́, ó ṣì ń bojú jẹ́, torí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà nìkan ló ṣe jáde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó mọ́ lóló, ọwọ́ mi sì wà lókè rẹ̀, ó pupa fòò. Ó wo tirẹ̀, ó wo tèmi, ó gbé ojú sókè wo iwájú orí mi, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò lè dúró mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Látọjọ́ náà, "ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè mí nínú ilé yẹn. Tí mo bá ti wọlé, wọ́n á ní kí ẹnì kan bá ìyàwó gbé omi.

Làálì náà hù padà, ó mọ́, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Alhája ní torí pé ọmọ obìnrin ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ti rí ọkọ ni. Alhájì ní òjò ọdún yẹn ló dára. Èmi nìkan ló rántí pé nígbà yìgì, wọ́n ká gbogbo àwọ̀n kúrò lára fẹ́ǹsì kí wọ́n lè rí àyè to àga sí, wọn ò sì tètè dá wọn padà. Kò sẹ́ni tó bi mí, mi ò sì sọ.

Ní Iléyá tó kọjá, a lọ kí wọn. Àbúrò Múlíkátù ni yìgì tirẹ̀ kàn. Mo yà síbi kànga, mo rí i pé àwọ̀n ti padà sórí fẹ́ǹsì, wọ́n ṣẹ́ wọn lé ara wọn dáadáa, àmì funfun kékeré kan sì wà lára ewé kan nísàlẹ̀. Alhájì wà lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó wa, kí lo rí?"

Mo kó ọwọ́ méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé mo mọ orúkọ àrùn náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì mọ oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ojo tí mo ṣe ni mo wá ń fi mílíìkì bò mọ́lẹ̀.

"Alhájì, ẹ jọ̀wọ́ sà," ni mo wí, "ṣé a lè sún àwọ̀n yìí sí apá ibẹ̀ yẹn? Kí oòrùn lè débí."

Ó wò mí. Ó wo àwọ̀n.

"Ìyẹn nìkan?" ni ó wí, ó sì sún un.

Kò gbà ju àkókò téèyàn á fi mu ife omi kan lọ. Mo dúró sídìí kànga, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi.